ONÍGBỌ̀WỌ́ ATATẸ́TẸ́: ÌTÀN ÌBÉÈRÈ NÍPA ẸNI TÍ Ó YẸ KÍ Ó WO ÀPÒ ẸNI TÍ Ó Ń TA TẸ́TẸ́, PẸ̀LÚ ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ Ọ̀WỌ̀

1. Ìfáárà

Láti ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ kan ti di awuyewuye ńlá ní ilẹ̀ Bìrìtéènì: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kọ́kọ́ wo àpò ènìyàn, kí ó mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ gbé àdánù tí ó ṣeé ṣe kí ó bá a, kí ó tó máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn tí ó ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré-ìje ẹṣin, àti àwọn tí ó ń ti ara eré-ìje náà jẹun, wà lára àwọn tí ohùn wọn lọ sókè jù lọ nínú àríyànjiyàn yìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ifọ́n lè rò pé kò kan òun. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹṣin tí ó sì ń sáré nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, ẹṣin tí ẹ̀rọ yà sójú tẹlifíṣọ̀n ni, kì í ṣe ẹṣin tí ó ń jẹ koríko.

Ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ aṣọ òfin kúrò lára ìbéèrè náà, ohun tí yóò kù ni èyí: bí ènìyàn bá fẹ́ fi owó ṣe ohun tí ó lè sọ ọ́ di onígbèsè, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé, 'Ǹjẹ́ agbára rẹ ká a?' Ìbéèrè yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn baba wa ní orúkọ fún ẹni tí ó ń dá ayánilówó lóhùn lórí rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé, nínú ìtàn gbèsè ní ilẹ̀ wa, ẹni tí àdánù yóò kàn ni ó máa ń wo àpò. Ẹbí ń ṣọ́ ọmọ ẹbí nítorí pé ẹbí ni yóò san. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, a ti ya iṣẹ́ ìṣọ́ àti ẹrù gbèsè nípa sí ara wọn: ẹrù náà ṣì wà lórí ẹbí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń bi ẹbí léèrè mọ́ kí owó tó jáde. Bí a kò bá fi èyí sọ́kàn, òfin tí a bá yá wá láti òkè òkun kò ní bá ẹsẹ̀ wa mu.

Àwọn ìwé tí a fi ojú sùn jù lọ fún apá ìtàn ni ti Samuel Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ti N. A. Fadipe, tí ó kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1939 kí ó tó di ìwé ní ọdún 1970. Àkójọpọ̀ tí Toyin Falola àti Paul Lovejoy ṣe olótùú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ní ọdún 1994. Àti iṣẹ́ Sara Berry lórí kòkó, ní ọdún 1975. Ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀wọ̀ ní tirẹ̀ ní àjọṣe pípẹ́ pẹ̀lú Ìbíní, àṣà ààfin rẹ̀ sì fi èyí hàn. Nítorí náà, kì í ṣe kúlẹ̀kúlẹ̀ àṣà Ọ̀yọ́ ni a ń gbé lé Ọ̀wọ̀ lórí, bí kò ṣe ìlànà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá: pé gbèsè ẹnì kan jẹ́ gbèsè agboolé.

2. Awuyewuye ilẹ̀ Bìrìtéènì

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú àríyànjiyàn náà palẹ̀, nítorí pé ìtàn rẹ̀ gùn ju bí àwọn tí ó ń jà á lónìí ti ń sọ lọ. Ní ọdún 1906, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí títa tẹ́tẹ́ ní ojú pópó. Òfin náà kò fọwọ́ kan ẹni tí ó bá wà ní pápá eré-ìje, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ kan ẹni tí ó ní ìwé àwìn lọ́dọ̀ olókòwò tẹ́tẹ́ tí ó sì ń fi lẹ́tà tàbí tẹlifóònù ránṣẹ́ sí i. Ìtumọ̀ èyí kò fara sin. Ọlọ́rọ̀ ni ó ń rí àwìn gbà, nítorí pé olókòwò mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ ohun ìní rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó ní ṣílè kan péré lọ́wọ́ ni ọlọ́pàá ń lé kiri àdúgbò. A lè sọ pé àyẹ̀wò àpò ti wà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ipò ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ìwé.

Òfin ọdún 1960 yí èyí padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1961, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ di ohun tí ó bófin mu, ẹnikẹ́ni tí ó ti dàgbà sì lè wọlé pẹ̀lú owó lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a bi í léèrè ohunkóhun. Ọdún 1961 yìí kan náà ni a dá owó-ìṣákọ́lẹ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn olókòwò tẹ́tẹ́ ń san fún ìtọ́jú eré-ìje ẹṣin. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ó so oúnjẹ àwọn alẹ́ṣin mọ́ àdánù àwọn atatẹ́tẹ́.

Òfin tuntun tí a ṣe ní ọdún 2005 tún ṣí ilẹ̀kùn sí i, fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì sì gbé ṣọ́ọ̀bù náà wọ inú yàrá. Nígbà tí ó yá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, iye tí ènìyàn lè fi ta ẹ̀ẹ̀kan lórí àwọn ẹ̀rọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn sí pọ́n-ùn 2. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, a fi òfin de fífi káàdì àwìn ta tẹ́tẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2023 ni ìjọba gbé ìwé àbá rẹ̀ jáde: kí a ṣe àyẹ̀wò fẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹni tí ó bá pàdánù pọ́n-ùn 125 láàárín oṣù kan tàbí 500 láàárín ọdún kan, kí a sì ṣe èyí tí ó jinlẹ̀ fún ẹni tí ó bá pàdánù 1,000 láàárín ọjọ́ kan tàbí 2,000 láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ Jockey Club, Nevin Truesdale, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kalẹ̀ pé kí a dá àyẹ̀wò náà dúró. Àwọn tí ó fọwọ́ sí i ju ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ, èyí tí í ṣe 100,000, Ilé Aṣòfin sì jíròrò lé e lórí ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2024. Síbẹ̀ àyẹ̀wò fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún náà fún ẹni tí owó tí ó kó sílẹ̀ bá ju pọ́n-ùn 500 lọ láàárín oṣù kan. A sì mú un wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 150 ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2025. Èyí tí ó jinlẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi sí abẹ́ ìdánwò.

Ohun tí àwọn alátakò ń wí ni pé owó ẹni jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni. Pé ẹni tí a bá dà láàmú yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn olókòwò tí kò ní ìwé-àṣẹ lọ. Àti pé owó tí ń wọlé fún eré-ìje ẹṣin yóò dín. Ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn ń wí ni pé òǹtajà tí ó mọ̀ pé oníbàárà òun ń rì kò gbọdọ̀ máa ta omi fún un. Àwọn òbí tí tẹ́tẹ́ ti gba ọmọ lọ́wọ́ wọn wà lára àwọn wọ̀nyí; àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ni ó dá ẹgbẹ́ Gambling with Lives sílẹ̀ ní ọdún 2018.

Àkíyèsí kan ṣe pàtàkì fún wa níhìn-ín. Ẹbí ń sọ̀rọ̀ lóde, ṣùgbọ́n nínú ìlànà àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀, ẹbí kò ní àga. Ẹni mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: atatẹ́tẹ́, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́, àti àwọn tí ó ń tọ́jú ìwé gbèsè àwọn ará ìlú. Àwọn tí ebi yóò pa bí owó náà bá lọ kò sí lára wọn.

3. Onígbọ̀wọ́, ìwọ̀fà àti ológò

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti ṣàlàyé, ẹni tí ó bá fẹ́ yáwó nípa ìwọ̀fà kò lè dá lọ bá olówó. Níwájú ẹlẹ́rìí àti onígbọ̀wọ́ ni a ń ṣe àdéhùn náà. Ẹni tí a fi ṣe ìwọ̀fà yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dúró fún èlé, owó tí a yá gan-an kò sì ní dín bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ọjọ́ tí owó náà bá pé ni ó di òmìnira.

Ipa onígbọ̀wọ́ nínú ètò yìí ju ti ẹlẹ́rìí lásán lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni olówó ń gbà gbọ́. Bí onígbèsè bá sá lọ, ilé onígbọ̀wọ́ ni olówó yóò yà sí. Nítorí náà, kí ó tó fi ẹnu sí i, ó ti wo oko ọkùnrin náà, ó ti wo iye ọmọ tí ó ń bọ́, ó sì ti wo ìwà rẹ̀. Ó mọ̀ bóyá ìsìnkú ni ó fẹ́ fi owó náà ṣe, tàbí ìgbéyàwó, tàbí ayò. A kò kọ àyẹ̀wò yìí sínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì kan wà tí ó fi máa ń jinlẹ̀: ẹni tí ó ń ṣe é yóò jìyà bí ó bá ṣe é ní àṣìṣe.

Apá kejì ètò náà ni ológò. Bí gbèsè bá pẹ́ jù, olówó a rán ológò sí agboolé onígbèsè láti lọ dógò tì í. Ológò yóò jókòó, yóò pariwo, yóò ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, yóò sì máa mú adìẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí nínú agbo ilé láìbìkítà ẹni tí ó ni ín. Ìyà kò yan onígbèsè nìkan. Ìyá arúgbó tí kò mọ nǹkan kan nípa owó náà lè pàdánù òbúkọ rẹ̀. Ojú ayé òde òní yóò rí i bí ìrẹ́jẹ, ìrẹ́jẹ sì ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ó sọ gbogbo agboolé di olùṣọ́. Òwe wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní ti gbèsè, ológò ni hẹ̀rẹ̀-huru náà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ rí yóò tètè kìlọ̀ fún ọmọ bàbá rẹ̀ tí ó ń jókòó ti àwọn atatẹ́tẹ́.

Irú ìlànà yìí kò kú nígbà tí owó kòkó dé. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930 ni ìjọba amúnisìn gbógun ti ìwọ̀fà, pàápàá jù lọ fífi ọmọdé ṣe ìwọ̀fà. Díẹ̀díẹ̀, igi kòkó gba ipò ènìyàn: àgbẹ̀ a fi oko kòkó rẹ̀ dúró fún owó, olówó a sì máa kórè rẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán. Lákòókò yẹn kan náà, àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà láwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó wọn. Orúkọ wọn fúnra rẹ̀ ń sọ iṣẹ́ wọn: lórí ìlóṣòó ni wọn yóò ti gba owó wọn, wọn kò ní jókòó. Àwọn náà ń wo àpò. Wọ́n mọ ẹni tí ó ní oko, wọ́n sì mọ ẹni tí ó kàn ní ẹnu. Bí wọ́n bá ṣi ènìyàn mú, aṣọ wọn ni ó lọ.

Nínú gbogbo ọ̀nà mẹ́ta yìí, ìlànà kan náà ni a rí. Ẹni tí ó ń wo àpò ni ẹni tí àdánù yóò kàn.

4. Láti orí púùlù dé orí fóònù

Tẹ́tẹ́ òde òní bẹ̀rẹ̀ sí í já okùn yìí. Kò pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré-ìje ẹṣin níbẹ̀. Pápá náà ni a sọ di Gbàgede Tafawa Balewa ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n púùlù ni ó gbé tẹ́tẹ́ wọ àwọn ìlú bí Ọ̀wọ̀. Ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi ta á. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá sinmi, wọ́n a yí sí ti Ọsirélíà. Àwọn akọ̀wé àti tíṣà ń jókòó ti ìwé ìmọ̀ràn púùlù bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò, ìwé Bob Morton sì gbajúmọ̀ láàárín wọn. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń san, kì í ṣe àwìn.

Ní ibi owó lọ́wọ́ yìí ni ìyípadà wà. Nínú ètò ìwọ̀fà, gbèsè ni ó ń mú kí a wo àpò. Níbi tí kò bá sí àwìn, olókòwò kò ní ìdí láti béèrè ohunkóhun, nítorí pé owó ti wọlé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ okùn náà kò já tán. Ajẹ́ńtì púùlù jẹ́ ará àdúgbò. Ó mọ ìyàwó oníbàárà rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá sì wá bá a ní ìrọ̀lẹ́ pé, 'Má gba owó lọ́wọ́ ọmọ mi mọ́,' ojú yóò tì í láti kọ̀.

Kí ni ìjọba ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ìjọba ń fún ṣọ́ọ̀bù ní ìwé-àṣẹ, ó ń gba owó-orí, nígbà mìíràn ó sì ń fi òfin de irú ẹ̀rọ kan. Òfin ọdún 1977 lórí ẹ̀rọ kàlòkàlò jẹ́ àpẹẹrẹ: ẹ̀rọ ni a lé jáde. Àpò ẹni tí ó ń ki owó bọ inú ẹ̀rọ náà kò sí nínú ọ̀rọ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ó fi hàn pé òfin wa kò tíì béèrè ìbéèrè tí onígbọ̀wọ́ ń béèrè rí. Ó fi í sílẹ̀ fún ẹbí.

Lẹ́yìn náà ni ajẹ́ńtì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Olóyè Kessington Adébùtú, tí ó ti ṣe ajẹ́ńtì púùlù láti àwọn ọdún 1960, dá ilé-iṣẹ́ Premier Lotto sílẹ̀ ní ọdún 2001, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí 'Bàbá Ìjẹ̀bú'. NairaBet gbé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2009. Bet9ja tẹ̀ lé e ní ọdún 2013. Lónìí, ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ní Ìpele tàbí ní Ìdógun lè ta tẹ́tẹ́ ní ọ̀gànjọ́ òru. Kò sí ojú kankan tí yóò tì í, nítorí kò sí ojú kankan níbẹ̀.

Lórí fóònù kan náà ni àwọn ayánilówó tuntun wà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n a fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò rí rí. Wọn kì í béèrè onígbọ̀wọ́. Nọ́ḿbà tẹlifóònù gbogbo àwọn tí oníbàárà mọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń kó. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò wọlé, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ìwà báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC ya wọ àwọn ọ́fíìsì irú wọn kan ní Èkó.

Ẹni tí ó bá ka Johnson yóò dá àlejò yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ológò ni. Ó ti padà dé, ó sì ń pariwo nínú agboolé bí ti àtijọ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà. Láyé àtijọ́, onígbọ̀wọ́ ló ń ṣáájú, ológò a sì tẹ̀ lé e: a bi ẹbí léèrè kí owó tó jáde, a sì dà á láàmú bí owó kò bá padà. Nísinsin yìí, a ti mú ìbéèrè kúrò, a fi ìdààmú sílẹ̀. Ohun tí ẹbí ń rù kò dín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

5. Ọ̀wọ̀: ta ni ìwé lè wo àpò rẹ̀?

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Nàìjíríà dá ẹjọ́ pé Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kò ní agbára láti ṣe òfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀. Òfin lọ́tìrì ọdún 2005 sì pàdánù agbára rẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ṣáájú nínú ẹjọ́ náà, ó sì ti ní òfin tirẹ̀. Ìtumọ̀ ìdájọ́ yìí fún wa ni pé Àkúrẹ́ ni a ó ti kọ òfin tí yóò de ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní Ọjà Ọba, Ọ̀wọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè nípa irú àyẹ̀wò tí ó yẹ wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròjinlẹ̀ lásán mọ́.

Bí a bá da ìlànà ilẹ̀ Bìrìtéènì kọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo irú ènìyàn mẹ́ta tí ó pọ̀ ní Ọ̀wọ̀.

Èkíní ni olówó-oṣù: nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Owó rẹ̀ ń gba báńkì wọlé, láti ọdún 2014 sì ni nọ́ḿbà BVN ti so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pọ̀. Ìwé lè wo àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kò ní rí owó àjọ tí ó jẹ, tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó ń tọ́jú nílé.

Ẹ̀kejì ni àgbẹ̀ kòkó. Owó rẹ̀ kì í wá lóṣooṣù. Nígbà ìkórè ńlá, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, ìwé yóò pè é ní ọlọ́rọ̀. Ní oṣù keje, yóò pè é ní òtòṣì. Irọ́ ni méjèèjì. Owó ìkórè yẹn ni yóò jẹ títí di ìkórè mìíràn, inú rẹ̀ sì ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà.

Ẹ̀kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọdún 1979 tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga póólì sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, èyí tí a ń pè ní Rufus Giwa Polytechnic lónìí, ìlú náà ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé owó ilé-ìwé wọ àkáǹtì ọmọ kan ní ọjọ́ Ajé. Àyẹ̀wò tí ó bá ń wo àkáǹtì yóò rí owó, yóò sì ní kí ó máa ta lọ. Owó náà kì í ṣe ti ọmọ yìí. Ìyá rẹ̀ ni ó ta gààrí láti rí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ayánilówó orí fóònù ni ó ti wá, gbèsè gan-an ni ìwé yóò kà sí ọrọ̀.

Àṣìṣe inú ìlànà náà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i, ni pé ó ń béèrè pé, 'Èló ni ó wà lọ́wọ́ rẹ?' Ohun tí onígbọ̀wọ́ ń béèrè yàtọ̀: 'Ti ta ni owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ?' Ẹ̀rọ kò lè dá ìbéèrè kejì yìí lóhùn. Ènìyàn ni ó lè dá a lóhùn.

Láti inú ìtàn yìí, àbá mẹ́ta ni a gbé síwájú sẹ́mínà. Èkíní, kí òfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó dènà fífi owó yíyá ta tẹ́tẹ́, bí ilẹ̀ Bìrìtéènì ti dènà káàdì àwìn ní ọdún 2020. Kí owó ayánilówó orí fóònù má lè kọjá tààrà sí àkáǹtì tẹ́tẹ́. Ẹ̀kejì, kí a fi òdiwọ̀n kékeré kan lé iye tí ènìyàn lè kó sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ti àwọn ọ̀dọ́ sì kéré jù. Èyí kò nílò kí a tú ìwé ẹnikẹ́ni wò. Ilẹ̀ Bìrìtéènì fúnra rẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2025 lórí àwọn eré ẹ̀rọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì: pọ́n-ùn 5 lẹ́ẹ̀kan fún àgbà, pọ́n-ùn 2 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá òdiwọ̀n náà mú onígbọ̀wọ́ wá, àgbàlagbà kan tí òun fúnra rẹ̀ yàn, tí ó lè fọwọ́ sí i, tí ó sì lè sọ nígbàkigbà pé ó tó. Bí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ bá gba owó lẹ́yìn tí onígbọ̀wọ́ ti ní kí wọ́n dúró, kí ó dá owó náà padà. Nípa báyìí ni àdánù yóò tún fi kan ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́.

6. Àtakò

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé a fẹ́ dá ayé ìwọ̀fà padà. Àtakò yìí lágbára, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ètò àtijọ́ kò jẹ́ ti onínúure. Ọ̀pọ̀ ọmọdé, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ni ó lo ìgbà èwe wọn lóko ẹlòmíràn nítorí owó tí wọn kò jẹ. Ẹni tí ó ń ná owó àti ẹni tí ó ń san án kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹnì kan náà, àgbà ni ó sì sábà ń ná, èwe ni ó sì sábà ń san. Bí a bá gbé onígbọ̀wọ́ padà pẹ̀lú ẹrù gbèsè lórí rẹ̀, a ó kàn tún fi ẹlòmíràn ṣe ìwọ̀fà ni.

Ìdí nìyí tí a fi ya ohun méjì sọ́tọ̀ nínú àbá kẹta. Ohùn onígbọ̀wọ́ ni a fẹ́ dá padà, kì í ṣe gbèsè rẹ̀. Gbèsè náà ni a fẹ́ gbé lé ilé-iṣẹ́ tí ó ń jèrè lórí.

Àtakò kejì ni pé àgbàlagbà tí ó ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú owó òógùn rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá wà lábẹ́ òdiwọ̀n kò ní rí ẹni tí yóò bi í léèrè, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọjá rẹ̀ ni yóò yan ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn ṣì bo àṣírí rẹ̀ ju kí ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n máa ka ìwé owó rẹ̀ lọ. Àtakò kẹta, pé àwọn ènìyàn yóò sá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò ní ìwé-àṣẹ, kan gbogbo òfin tí a lè ṣe lórí tẹ́tẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ni láti máa lépa wọn, bí ó ti yẹ kí ó máa lépa ayánilówó tí kò ní ìwé-àṣẹ.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àríyànjiyàn àwọn alẹ́ṣin ilẹ̀ Bìrìtéènì kan ọ̀rọ̀ kan tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ wa. A rí i pé onígbọ̀wọ́, olówó kòkó àti Òṣómàáló ni ó ń wo àpò nígbà kan, nítorí pé àwọn ni yóò pàdánù. A rí i pé púùlù mú àwìn kúrò, ó sì mú ìbéèrè kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Àti pé fóònù mú ojú ajẹ́ńtì kúrò, ó sì dá ológò padà. Òfin wa láti ìgbà amúnisìn títí di ọdún 2024 ń wo ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ, kò wo agboolé.

Bí àwọn aṣòfin ní Àkúrẹ́ bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ yóò wá, àwọn agbowó-orí yóò wá, agbẹjọ́rò yóò sì wá. Ẹni tí kì í sábàá rí ìwé ìpè gbà ni obìnrin tí owó gààrí rẹ̀ ti wọ inú fóònù ọmọ rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, òun nìkan ni ó mọ ẹni tí ó ni owó náà. Iṣẹ́ ìtàn ni láti rán wa létí pé nígbà kan rí, a kì í ka owó sílẹ̀ kí a tó bi irú rẹ̀ léèrè.